Orí Karùn-ún: Ìdójútòfò Ọkọ̀ Tí Apá Awakọ̀ Tuntun Ká

Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ ní Mọ́níyà, ní Lálúpọn, ní Ẹgbẹ́dá tàbí ní Àkànrán, lágbègbè Ìbàdàn, ti náwó títí kó tó rántí ìdójútòfò. Ó ti san owó ọkọ̀, ó ti san ti nọ́ńbà, mekáníìkì ti gba tirẹ̀, táyà méjì ti di pípààrọ̀. Bí wọ́n bá wá dárúkọ íńṣọ́ránsì fún un, ohun tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ẹ bá mi wá èyí tó pọ́ọ́kú." Ọ̀rọ̀ yìí ló sọ ọ̀pọ̀ ọmọ ènìyàn di ẹni tó ń gbé bébà lásán kiri, tó sì rò pé ààbò lòún gbé dání.

Kókó kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o mú kúrò nínú orí yìí. Ní Nàìjíríà, wọ́n ti mú iye owó ìdójútòfò tó jẹ́ dandan sójú kan. Ọmọ ọdún 18 àti bàbá ọdún 60, iye kan náà ni wọ́n ń san. Nítorí náà, má fi àkókò ṣòfò láti wá ẹni tó máa dín in kù fún ọ. Ohun tó yẹ kí o wá ni èyí tó bá ìlò ọkọ̀ rẹ mu, tó jẹ́ ojúlówó, tó sì wá láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó máa ń sanwó nígbà tí ọ̀ràn bá dé.

Ó jọ àjọ, kì í ṣe àjọ

Gbogbo wa la mọ àjọ. Olúkúlùkù ń dáwó sínú àpò kan, bó bá kàn ọ́, o kó tìrẹ. Nínú ìdójútòfò náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dáwó sínú àpò kan. Ibi tí méjèèjì ti yà ni pé owó ìdójútòfò kì í kan ènìyàn ní títẹ̀léra. Ẹni tí àdánù bá já lù ni wọ́n ń ṣí àpò náà fún. Bí ọdún bá parí tí ohunkóhun kò ṣe ọ́, owó rẹ kò ní padà wá. Ó ti lọ gbé ẹlòmíràn dìde, bí owó ẹlòmíràn ì bá ṣe gbé ọ dìde. Ẹni tó ń retí kí wọ́n dá owó òun padà nígbà tí ọdún bá yí po, àjọ ló fẹ́ dá. Kó lọ bá alájọ.

Kí ló sọ ọ́ di dandan?

Òfin yìí ti pẹ́. Láti ọdún 1945, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso wa, ni wọ́n ti ṣe òfin pé kí ọlọ́kọ̀ ní ìdójútòfò nítorí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ lè ṣe léṣe. Òfin Ìdójútòfò ọdún 2003 fi kún un pé dúkìá ẹlòmíràn náà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ààbò. Òfin yẹn ní nígbà náà pé ẹni tó bá wakọ̀ láìní in lè san ₦250,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí kó jẹ ìyà méjèèjì. Ní ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tuntun tó kó àwọn òfin ìdójútòfò àtijọ́ jọ sójú kan. Ní ọjọ́ 1, oṣù kejì ọdún 2025 yẹn kan náà ni àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé ìdójútòfò ọkọ̀ wò jákèjádò orílẹ̀-èdè.

Má ṣe sọ pé ọ̀nà oko lo ń rìn. Bí ọ̀nà bá ti jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ìbáà jẹ́ ọlọ́dà, ìbáà jẹ́ eléruku, òfin dé ibẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ gbá ní ọ̀nà eléruku kò ní ìrora tó kéré sí ti ẹni tí ọkọ̀ gbá ní títì márosẹ̀.

Oríṣi méjì tó o gbọ́dọ̀ mọ̀

Èkíní ni third party. Òun ni òfin sọ di dandan. Jẹ́ ká sọ pé o ń bọ̀ láti ọjà, bíréèkì kọ̀ ọ́, o sì forí ọkọ̀ sọ ṣọ́ọ̀bù ìyá elépo kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìyànà Ọ̀fà. Ògiri wó, kẹ́ẹ̀gì epo pupa fọ́, ọmọ tó ń bá ìyá náà tajà farapa, iwájú ọkọ̀ tìrẹ náà sì rún wómúwómú. Third party wà fún ìwòsàn ọmọ náà, fún ògiri àti fún epo. Ti iwájú ọkọ̀ rẹ, kò ní fi kọ́bọ̀ sí i. Àpò rẹ ni yóò ti jáde. Bí olè bá jí ọkọ̀ náà, tàbí tó gbiná, third party kò sí níbẹ̀.

Èkejì ni comprehensive. Èyí ń ṣe gbogbo ohun tí third party ń ṣe, ó sì tún ń tún ọkọ̀ tìrẹ ṣe, tàbí kó san owó rẹ̀ bí wọ́n bá jí i tàbí tó bá jóná. Òfin kò fi dandan lé e. Ìwọ lo máa pinnu bóyá ó yẹ ọ́.

Láàárín àwọn méjì yìí, àwọn ilé iṣẹ́ kan ní third party tí wọ́n bù kún, tó máa ń fi iye kékeré kan sí àtúnṣe ọkọ̀ tìrẹ náà. Ó dára fún ẹni tí apá rẹ̀ kò tíì ká comprehensive. Kí o kàn ka ibi tí wọ́n kọ iye tó mọ sí kí o tó sanwó.

Iye tí wọ́n ń gbà

NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń darí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò, ló gbé iye yìí jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù kìíní ọdún 2023. Iye àkọ́kọ́ ni owó third party tí wàá san lọ́dún. Èkejì ni ibi tí owó tí wọ́n máa san lórí dúkìá ẹlòmíràn lè dé.

- Ọ̀kadà: ₦3,000, títí dé ₦1,000,000.
- Kẹ̀kẹ́ Márúwá: ₦5,000, títí dé ₦2,000,000.
- Ọkọ̀ àdáni: ₦15,000, títí dé ₦3,000,000.
- Ọkọ̀ tó ń kó ẹrù olówó rẹ̀ fúnra rẹ̀: ₦20,000, títí dé ₦5,000,000.
- Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba owó ẹrù: ₦100,000, títí dé ₦5,000,000.

Fún comprehensive, NAICOM ní owó ọdún kan kò gbọdọ̀ kéré sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ẹ̀dínwó. Ọkọ̀ tó tó ₦4,000,000 yóò gba ₦200,000, ó kéré tán. Èyí tó tó ₦1,500,000 yóò gba ₦75,000.

Tún àlàyé yìí kà dáadáa. Bí ẹnìkan bá ní òun á ṣe comprehensive fún ọ ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, bi í léèrè bó ṣe rí i ṣe. Iye tó kéré jù lọ́wọ́ gbogbo wọn jọra. Ohun tó yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì ni bí wọ́n ṣe ń yá sí sísanwó àti ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀nì. Ibẹ̀ ni kí o ti ṣa èyí tó dára.

Sọ òtítọ́ nípa ohun tí ọkọ̀ rẹ ń ṣe

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wa ti yàtọ̀ sí ti ará ìgboro. Ní agbègbè Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ọkọ̀ kan lè ṣe iṣẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ó gbé ọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ó kó gbágùúdá rẹ láti oko lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó di ọjọ́ ọjà, ó gbé àwọn aládùúgbò mẹ́rin tó sanwó.

Ìdójútòfò ọkọ̀ àdáni kò bo iṣẹ́ owó. Bí o bá ra ti ₦15,000, tí ìjàǹbá sì ṣẹlẹ̀ nígbà tí o ń gbé èrò tó sanwó, ilé iṣẹ́ náà lè sọ pé kì í ṣe àdéhùn tí ẹ jọ ṣe nìyẹn. Àìsọ òtítọ́ ló máa ń ba irú owó bẹ́ẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, kí wọ́n tó kọ ìwé rẹ, sọ báyìí: "Pikọ́ọ̀pù ni mo ní, èso oko tèmi ni mo ń kó." ₦20,000 ni tìrẹ. Bó bá jẹ́ pé ẹrù àwọn ẹlòmíràn lo ń kó tí o sì ń gbowó lé e, ti ọkọ̀ akẹ́rù ni tìrẹ. Bó bá jẹ́ èrò lo ń gbé, ní kí wọ́n sọ iye tó kan ọkọ̀ akérò fún ọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tó bá ń gun ọ̀kadà tàbí tó ń wa Márúwá pẹ̀lú, kó má rò pé òfin yọ òun sílẹ̀. Iye tiwọn ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ṣé ọjọ́ orí ń dá nǹkan sílẹ̀?

Bí o bá ní ẹ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti lè sọ fún ọ pé ọ̀dọ́ ń san owó tó ga ju ti àgbàlagbà lọ. Òótọ́ ló sọ nípa ibẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dá iye tirẹ̀ lé, wọ́n sì ń wo ọjọ́ orí, àdúgbò àti irú ọkọ̀. Ọ̀dọ́ mìíràn ń gbà kí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré sínú ọkọ̀ òun tó ń ṣọ́ bó ṣe ń sáré àti bó ṣe ń tẹ bíréèkì, kí owó rẹ̀ lè dínkù. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa lórí third party.

Ọjọ́ orí lè fara hàn nínú comprehensive. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń béèrè pé ọdún mélòó lo ti ń wakọ̀, wọ́n sì lè ní kí awakọ̀ tuntun kọ́kọ́ dá iye kan nínú owó àtúnṣe kí àwọn tó san ìyókù. Béèrè iye náà kí o tó buwọ́ lùwé. Èyí tó o bá gbà pé wàá dá lápò ara rẹ, rí i dájú pé agbára rẹ gbé e.

Ohun kan wà tó ju ọjọ́ orí lọ: láísẹ́ǹsì. Kí o pé ọdún 18, kí o lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀, kí o yege níwájú VIO, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ àti awakọ̀ wò, kí o sì gba láísẹ́ǹsì FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tó jẹ́ ti irú ọkọ̀ tó o ń wà. Ilé iṣẹ́ adójútòfò tó bá rí i pé ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ kò ní láísẹ́ǹsì ti rí ìdí láti kọ̀.

Bí o ṣe máa mọ ojúlówó

Àwọn tó ń bá ènìyàn ṣe pátíkúlà pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ olóòótọ́. Àwọn mìíràn ń tẹ ìwé tí ilé iṣẹ́ kankan kò mọ̀ nípa rẹ̀. ₦5,000 ni third party ọkọ̀ àdáni kí ọdún 2023 tó dé. Ẹni tó bá ṣì ń tà á ní iye yẹn lónìí, ayédèrú ló ń tà. Ó máa dùn mọ́ ọ nínú títí di ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ sórí fóònù, tàbí ọjọ́ tó burú jùyẹn lọ, ọjọ́ tí ẹni tó farapa bá wà nílẹ̀ tí ilé iṣẹ́ sì ní àwọn kò mọ̀ ọ́ rí.

Ọ̀nà tí wàá gbà mọ̀ ọ́n rọrùn. Ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ní àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní NIID, níbi tí gbogbo ìwé ojúlówó wà. Tẹ *565*11# lórí fóònù rẹ, tàbí kí o lọ sí askniid.org, kí o sì fi nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ sí i. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ àti ọjọ́ tí ìwé náà máa parí bá jáde, tí wọ́n sì bá ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ mu, ojúlówó ni. Ṣe é níwájú ẹni tó tà á fún ọ, kí o tó dìde kúrò níbẹ̀.

Bí o bá ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́ ní Ìbàdàn, gba ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ adójútòfò lọ fúnra rẹ. Ọ̀pọ̀ wọn tún ń tà á lórí fóònù, owó á gba báńkì lọ, ìwé á sì wọlé lórí ímeèlì. Tẹ̀ ẹ́ jáde, kí o fi ẹ̀dà kan sínú ọkọ̀, nítorí nẹ́tíwọ̀kì kì í dúró ní gbogbo ọ̀nà wa. Àpò ilé iṣẹ́ ni kí o san owó sí, má san án sí àpò ẹnikẹ́ni.

Rántí ohun méjì sí i. Àkọ́kọ́, láti ọdún 2013 ni NAICOM ti tẹ ẹsẹ̀ òfin yìí múlẹ̀: kò sówó, kò sí ààbò. Kò sí pé kí wọ́n kọ ìwé ná, kí o san án nígbà ìkórè. Èkejì, bí o bá ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan, ìdójútòfò tó wà lórúkọ rẹ̀ kì í ṣe tìrẹ. Ṣe tuntun lórúkọ ara rẹ lọ́jọ́ tó o gba kọ́kọ́rọ́.

Èwo ni kí n rà?

Bi ara rẹ ní ìbéèrè kan: bí ọkọ̀ yìí bá run lọ́la, ṣé mo lè ra òmíràn láìtọrọ, láìyáwó? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tàbí tí ọkọ̀ náà ti gbó tí kò níye lórí mọ́, third party tó ọ. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, tó jẹ́ pé owó kòkó ọdún méjì bàbá rẹ àti gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lẹ fi rà á, wá bí o ṣe máa ṣe comprehensive. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń gbà kí o san án ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ibi tí owó tó o san bá dé ni ààbò náà máa dé, kò sì ní kọjá bẹ́ẹ̀.

Bí apá rẹ kò bá ká a rárá, ṣe third party, kí o sì máa fi ₦15,000 pamọ́ lóṣooṣù sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún àtúnṣe ọkọ̀ tìrẹ. Lọ́dún kan, ó ti di ₦180,000. Ìyẹn lè má ra ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó lè san owó rẹ́wáyà àti bọ́ńpà.

Bí o bá ń ṣe comprehensive, má bu iye ọkọ̀ lé. Ohun tí ilé iṣẹ́ sábà máa ń san ni èyí tó kéré nínú iye tó o kọ àti iye tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń tà lọ́jà. Ẹni tó pe ọkọ̀ ₦3,000,000 ní ₦5,000,000 kàn ń san owó lórí ₦2,000,000 tí kò ní rí gbà ni. Béèrè pẹ̀lú bóyá ìkún omi wà nínú àdéhùn. Ará Ìbàdàn tó gbọ́ nípa omíyalé Ògùnpa ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ ọdún 1980, tàbí tó fojú rí ti ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ ọdún 2011, kò ní fojú kékeré wo ìbéèrè yẹn.

Fún ẹ̀yin Mùsùlùmí tí èlé àti owó àìdánilójú ń dà láàmú, ọ̀nà wà fún yín. Ní ọdún 2016 ni NAICOM fún Noor Takaful àti Jaiz Takaful ní ìwé àṣẹ láti máa ṣe ìdójútòfò ní ìlànà Ìsìláàmù. Ẹ lè béèrè ti ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀

Ibí ni owó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti san máa ń di òfò, nítorí wọn kò mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe.

Má sá. Ẹni tó farapa ni kí o kọ́kọ́ tọ́jú. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí o pe FRSC lórí 122. Ya fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì, ojú ọ̀nà àti ohun tó bàjẹ́. Gba orúkọ àwọn tó ṣojú rẹ̀. Lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí o gba ìwé ìròyìn wọn. Pe ilé iṣẹ́ rẹ lọ́jọ́ náà gan-an, kí o sì fi ìwé ránṣẹ́ tẹ̀lé e. Má tún ohunkóhun ṣe kí wọ́n tó wá wò ó tàbí kí wọ́n tó fún ọ láṣẹ.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti àdúgbò wa. Bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀ lábúlé, ilé baálẹ̀ ni a ń gbé e lọ. Àwọn àgbà á ní kí á parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí, wọ́n á ní kí o kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwọ lo jẹ̀bi àti pé wàá san báyìí-báyìí. Èrò rere ni. Àmọ́ àdéhùn ìdójútòfò sábà máa ń sọ pé o kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bi tàbí ṣèlérí owó láìjẹ́ kí ilé iṣẹ́ gbọ́. Ìwé kékeré tó o kọ nílé baálẹ̀ lè di ohun tí wọ́n fi kọ̀ láti sanwó, ìyá elépo á wá jókòó sí òfò, ìwọ á jókòó sí gbèsè.

Lọ sílé baálẹ̀. Dọ̀bálẹ̀, tàbí kí o kúnlẹ̀. Sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀yin bàbá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ dùn mí. Mo ní ìdójútòfò, mo ti pè wọ́n, àwọn ni wọ́n máa bójú tó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n dé ná." Ẹ pẹ̀lẹ́ kì í ṣe gbígba ẹ̀bi. Ìwà ọmọlúàbí ni, ilé iṣẹ́ kankan kò sì ní torí rẹ̀ bínú sí ọ.

Bí wọ́n bá fi owó falẹ̀ láìnídìí, kọ ìwé sí wọn, fi ọjọ́ sí i, kí o tọ́jú ẹ̀dà. Bí wọn kò bá dáhùn, fi ẹjọ́ wọn sùn ní NAICOM.

Kí o tó fi kọ́kọ́rọ́ sí ọkọ̀

- Láísẹ́ǹsì rẹ ò tíì kú.
- Orúkọ rẹ àti nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ ló wà nínú ìwé ìdójútòfò.
- Ìlò tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni ohun tí ọkọ̀ rẹ ń ṣe.
- O ti yẹ̀ ẹ́ wò lórí NIID, ó sì jáde.
- O mọ ọjọ́ tó máa parí, o sì ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ilé.
- Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ náà wà lórí fóònù rẹ.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fa ọkọ̀ lé ọmọ lọ́wọ́, ẹ gba ìwé yìí lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kà á. Bí ẹ kò bá mọ̀wé, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Bó bá ṣe ènìyàn léṣe lójú pópó, ẹ̀yin náà ni wọ́n máa wá ká mọ́lé.

Ìwọ awakọ̀ tuntun, bí owó tó wà lọ́wọ́ rẹ bá tó epo ṣùgbọ́n tí kò tó ìdójútòfò, jẹ́ kí ọkọ̀ náà sinmi nílé títí yóò fi tó.